Èjìká Kì í Ṣe Irin

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ gbọ́ o. Àwọn kan ní obìnrin ò lágbára, pé ìdí nìyẹn tí èjìká fi ń dun àwọn tó ń gbá kíríkẹ́ẹ̀tì. Irọ́ gbuu!

Ní ọjọ́ 20, oṣù kìíní, ọdún 2025, ní Kuching ní Malaysia, àwọn ọmọbìnrin Nàìjíríà na New Zealand nínú Ife Àgbáyé àwọn tí kò tíì pé ọdún 19. Tiwa kó 65, tiwọn kó 63. Lucky Piety ni balógun wa. A pàtẹ́wọ́, a fò sókè. Ta ló béèrè èjìká wọn?

Àwọn àgbà ní èjìká kì í ga ju orí lọ. Nínú kíríkẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ yí apá gba òkè orí, òfin ò sì gbà kó ká ìgúnpá kó tún nà án. Èjìká ló ń jẹ gbogbo ìyà yẹn. Yóò tún máa sọ bọ́ọ̀lù láti etí pápá, ó lè jìn tó 64 mítà sí àárín. Orí egungun apá tóbi, kòtò tó jókòó sí ò jìn. Iṣan mẹ́rin ló dì í mú. Bí bọ́ọ̀lù bá ti kúrò lọ́wọ́, iṣan ẹ̀yìn èjìká ló ń dá apá dúró bíi bíréèkì mọ́tò. Bíréèkì tí a ò tọ́jú, ṣé kò ní já ni?

Nínú ìdíje T20, bọ́ọ̀lù 24 ni ẹnì kan lè jù mọ. Níbi ìgbáradì ńkọ́, ta ló ń kà á?

Ọmọ Ìlobùú ni mí, Ifọ́n ni ìyá mi ti wá. Lórí ààlà ilẹ̀, ìlú méjèèjì ò fẹnu kò. Lórí èjìká obìnrin, ohùn wọn ṣọ̀kan: "Fi òrí pa á, á lọ." Ọmọbìnrin gúnyán, ó pọnmi, ó ṣẹ́gi, kò sẹ́ni tó ní kò lágbára. Àfi ìgbà tó mú bọ́ọ̀lù lọ́wọ́! Agbára tí wọ́n ń jẹ nílé ni wọ́n ń sẹ́ ní pápá.

Òrìṣà Olúfọ́n tó ń mọ ọmọ níkùn ìyá, Ifọ́n nilé rẹ̀. Ó ti ṣe tirẹ̀. Ẹ̀yin akọ́nimọ̀ọ́gbá, ẹ̀yin ìjọba, tiyín ló kù. Ẹ máa ka bọ́ọ̀lù tí ọmọ ń jù. Ẹ kọ́kọ́ ró iṣan rẹ̀ lágbára kó tó máa sọ ọ́ tagbáratagbára. Ẹ mú oníṣègùn eegun àti iṣan wá sí àgọ́. Bó bá ní ó ń dun òun, ẹ gbà á gbọ́, kó sinmi. Èjìká tó ti yẹ̀ ò lè gba ẹ̀wù dúró, ká má tiẹ̀ sọ ti bọ́ọ̀lù.

Ìwọ tó o bá ṣì ní obìnrin ò lágbára, jọ̀ọ́, lọ gúnyán ẹni mẹ́wàá lálẹ́ òní. Ká tó jọ sọ̀rọ̀ lọ́la.