Ọkọ̀ Carnival: ọjà náà ṣì tó, ṣùgbọ́n èènì ti ń tán

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú tó kọjá, ìyá mi pè mí láti Kétu. Wọ́n ní kí n wo fọ́nrán tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fi ránṣẹ́ sí ẹbí lórí WhatsApp. Ẹ̀gbọ́n mi àti ọkọ rẹ̀ ń gbé ní Houston, ní Amẹ́ríkà, pẹ̀lú ọmọ méjì. Nínú fọ́nrán náà, ọkọ̀ ojú omi funfun gàgàrà kan dúró ní èbúté Galveston, ó ga ju ilé alájà mẹ́wàá lọ. Àwọn ọmọ ń fò sókè pé inú rẹ̀ làwọn máa wọ̀ nígbà ìsinmi, fún ọjọ́ méje gbáko. Ìyá mi ò bi mí bóyá ọkọ̀ náà rẹwà. Ohun tí wọ́n bi mí ni pé: "Ìwọ tó o kọ́ṣẹ́ ìròyìn, iye tí wọ́n fẹ́ san yìí, ṣé ọjà náà tó o?"

Ọdún tí ìyá mi ti ń ta gàrí lọ́jà Kétu ju ọjọ́ orí mi lọ. Ẹni tó ti fi tóńgólò wọn gàrí tó bẹ́ẹ̀ kì í wo ọ̀dà tí wọ́n fi kun ìsọ̀; ohun tó wà nínú òṣùwọ̀n ló máa ń wò. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tó ń ka ojú ìwé yìí, ní Kétu, ní Ṣábẹ, ní Àjàṣẹ́, ló ní ọmọ tàbí àbúrò lókè òkun tó ń fi irú fọ́nrán bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n dáhùn ìbéèrè ìyá mi níbí.

Kí n sọ èrò mi kí n tó ṣàlàyé. Ọjà náà ṣì tó fún ẹbí tó ní ọmọ kéékèèké. Ṣùgbọ́n iye tí wọ́n kọ sára ọjà kọ́ ni gbogbo iye tó máa jáde lápò wọn, èènì tí ilé-iṣẹ́ yìí máa ń fún èèyàn tẹ́lẹ̀ sì ti ń tán díẹ̀díẹ̀.

Carnival Cruise Line ni orúkọ ilé-iṣẹ́ náà. Ted Arison ló dá a sílẹ̀ ní Miami ní 1972. Ọkọ̀ àlòkù kan ṣoṣo, Mardi Gras, ló fi bẹ̀rẹ̀, nígbà ìrìnàjò àkọ́kọ́ gan-an ni ọkọ̀ náà sì gun orí yanrìn nítòsí èbúté Miami. Ẹ wo ọjọ́ tí oníṣòwò ṣí ìsọ̀ tí òrùlé já lé e lórí! Síbẹ̀ ó yè é. Láyé ìgbà yẹn, olówó àti ẹni tó ti fẹ̀yìn tì ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń wọ irú ọkọ̀ ìgbafẹ́ bẹ́ẹ̀. Carnival mú owó rẹ̀ wálẹ̀, ó tà á fún olùkọ́, fún nọ́ọ̀sì, fún awakọ̀ tó ní ìyàwó àti ọmọ. Orí àwọn wọ̀nyẹn ló fi di ńlá. Lónìí, ilé-iṣẹ́ ìyá rẹ̀, Carnival Corporation, ló tún ni Princess, Holland America, Costa àti Cunard.

Ọkọ̀ tí ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ wọ̀ ń jẹ́ Carnival Jubilee. Papenburg, ní Jámánì, ni wọ́n ti kàn án, ó sì dé Galveston ní oṣù Kejìlá 2023. Èrò tó ju 6 000 lọ ló lè wọ inú rẹ̀, láìka àwọn òṣìṣẹ́. Ọ̀pọ̀ abúlé wa ni kò ní èèyàn tó bẹ́ẹ̀.

Kí ni owó ìwé ọkọ̀ náà rà? Ó ra yàrá, oúnjẹ àárọ̀, ti ọ̀sán àti ti alẹ́, eré orí ìtàgé, adágún ìlúwẹ̀ẹ́ àti ibi tí àwọn ọmọdé ti ń fi omi yọ̀ wálẹ̀ láti òkè. Tíì, kọfí àti omi tútù ò gba owó níbi oúnjẹ. Ìsọ̀ bọ́gà tí wọ́n fi orúkọ Guy Fieri, alásè orí tẹlifíṣọ̀n, pè ò gba owó. Ibi tí wọ́n ń tọ́jú ọmọdé, Camp Ocean, ń gba ọmọ ọdún 2 sí 11 lọ́fẹ̀ẹ́ títí di aago mẹ́wàá alẹ́. Ẹni kẹta àti ẹni kẹrin nínú yàrá kan sì sábà máa ń san kéré sí ẹni méjì àkọ́kọ́. Ibí ni agbára Carnival wà. Ẹ ro ẹbí tó fẹ́ gba yàrá hòtẹ́ẹ̀lì fún ọjọ́ méje, kó ra oúnjẹ ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́ fún ẹni mẹ́rin, kó sanwó fún ẹni tó máa bá a mú ọmọ dání. Ní Amẹ́ríkà, owó ńlá nìyẹn.

Nǹkan tún sunwọ̀n díẹ̀ ní oṣù Keje 2024. Òfin kan ní ìpínlẹ̀ California ní kí gbogbo oníṣòwò kéde iye gidi, kí wọ́n má fi owó kan pamọ́ sẹ́yìn. Láti ìgbà yẹn ni Carnival ti ń fi owó orí àti owó èbúté kún iye tó ń polówó, ní gbogbo Amẹ́ríkà. Tẹ́lẹ̀, iye kan lo máa rí lójú pátákó, iye mìíràn lo máa bá níbi ìsanwó.

Àmọ́ owó kan ṣì wà tí kò sí lójú pátákó. Wọ́n ń pè é ní owó ọpẹ́, owó tí èèyàn fi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó tọ́jú rẹ̀. Ní 2023, Carnival sọ ọ́ di dọ́là 16 lóòjọ́ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní yàrá gbogboogbò. Ọmọ tó bá ti pé ọdún 2 ń san án bí àgbàlagbà. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ fún ẹbí ẹ̀gbọ́n mi: ẹni mẹ́rin, ọjọ́ méje, dọ́là 16. Ó di dọ́là 448. Lówó tiwa, ìyẹn ń lọ sí bíi 250 000 fránkì CFA. Owó oṣù tó kéré jù ní Benin jẹ́ 52 000. Owó oṣù márùn-ún, díẹ̀ ló kù, ló lọ fún ọpẹ́ nìkan, a ò tíì ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan fún ọmọ, a ò tíì san Wi-Fi, a ò tíì jẹ́ kí wọ́n gun BOLT, ọkọ̀ kékeré tó ń sáré lórí irin lókè ọkọ̀ náà. Owó ọ̀tọ̀ ni gbogbo ìyẹn.

Èèyàn lè sọ pé ó dáa, kí a dúpẹ́. Ìbéèrè mi ni pé, ọpẹ́ kí ni, nígbà tí iṣẹ́ tí à ń dúpẹ́ lé lórí ń dín kù? Nígbà kan, ẹni tó ń tọ́jú yàrá máa ń wọlé lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, láàárọ̀ láti tún un ṣe, lálẹ́ láti tẹ́ ibùsùn. Nígbà tó yá, ó di ẹ̀ẹ̀kan; kí o yan àárọ̀ tàbí alẹ́. Nínú ilé oúnjẹ ńlá, ó ti wà rí pé kí ẹni tí ebi ń pa béèrè àwo kẹta tàbí ìkẹrin, kò sẹ́ni tó máa wò ó lójú. Ní báyìí, àwo méjì ni tìrẹ. Ìkẹta gba dọ́là 5. Láti 2015 ni wọn ò ti jẹ́ kí èrò gbé omi inú ìgò wọlé mọ́.

Dọ́là 5 ò lè pa ẹnikẹ́ni tó ti san owó ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ìyá wa tó ń tajà mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá ti wọn tóńgólò méjì tán fún oníbàárà, ẹ̀kúnwọ́ gàrí tí ẹ bù lé e, kò lówó lórí, síbẹ̀ òun ló máa mú kó padà wá lọ́jọ́ ọjà mìíràn. Ẹni tó yọ ọ́ kúrò rí èrè díẹ̀ lónìí.

Carnival ní àwáwí kan, mo sì gbà á fún un dé ìwọ̀n kan. Ní oṣù Kẹta 2020, àrùn Kòrónà dá gbogbo ọkọ̀ rẹ̀ dúró. Ó lé ní ọdún kan kí ọkọ̀ rẹ̀ tó tún gbé èrò láti Amẹ́ríkà, ní oṣù Keje 2021, Galveston yìí náà ló sì ti bẹ̀rẹ̀. Gbèsè ilé-iṣẹ́ ìyá rẹ̀ kọjá bílíọ̀nù 30 dọ́là. Ẹni tó jẹ irú gbèsè bẹ́ẹ̀ máa fún ọwọ́ mọ́. Àmọ́ ní 2024, ilé-iṣẹ́ ìyá yìí kan náà jèrè tó sún mọ́ bílíọ̀nù 2 dọ́là. Àwọn ọkọ̀ ti kún. Kí ló dé tí èènì ò padà?

Ohun tó dùn mí jù ni ti oníbàárà àtijọ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọjọ́ tí èèyàn lò nínú ọkọ̀ ni Carnival fi ń mọ ẹni tirẹ̀. Ẹni tó bá lo 200 ọjọ́ máa ń di Diamond nígbà náà, wọ́n sì máa ń gbà á ṣíwájú àwọn ẹlòmíràn. Ní oṣù Kẹfà 2025, ilé-iṣẹ́ náà kéde pé láti oṣù Kẹfà 2026, iye owó tí èèyàn ná ni àwọn máa fi ṣírò. Tíṣà tó ti ń wọ yàrá tí kò ní fèrèsé láti ogún ọdún á wá bọ́ sẹ́yìn ẹni tó wá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tó ra yàrá ńlá. Orí tíṣà yẹn ni Carnival fi di Carnival.

Ìyá mi tún béèrè pé bí iná bá kú lójú agbami ńkọ́. Mi ò lè purọ́ fún wọn. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní oṣù Kejì 2013, iná sọ nínú yàrá ẹ́ńjìnnì Carnival Triumph, tó gbéra láti Galveston. Èèyàn tó wà nínú rẹ̀ ju 4 000 lọ. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ò ṣiṣẹ́, ọ̀pọ̀ gbé ẹní wọn jáde sun ìta, títí wọ́n fi fa ọkọ̀ náà dé Mobile ní Alabama lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin. Carnival dá owó èrò padà, ó fi dọ́là 500 kún un fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó sì kéde mílíọ̀nù 300 dọ́là láti fi tún àwọn ọkọ̀ rẹ̀ ṣe. Ìyẹn ni mo lè pè ní iṣẹ́ tí wọ́n ṣe dáadáa lẹ́yìn àṣìṣe.

Ó ku àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Filipínì, Indonéṣíà àti Íńdíà ni púpọ̀ nínú wọn ti wá. Panama tàbí Bahamas ni Carnival ti forúkọ púpọ̀ nínú ọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, nítorí náà òfin owó oṣù Amẹ́ríkà ò dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹni tó ń tẹ́ ibùsùn lè lo ọ̀pọ̀ oṣù láìní ọjọ́ ìsinmi kan. Òun gan-an ni owó ọpẹ́ yẹn wà fún. Àwọn èrò kan wà tó máa ń lọ síbi ìgbèjò lálẹ́ ọjọ́ tó kẹ́yìn pé kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú owó àwọn, nítorí pé iṣẹ́ ti dín kù. Inú mi ò dùn sí ìyẹn rárá. Ọ̀gá ní Miami ló pàṣẹ pé kí a máa tún yàrá ṣe lẹ́ẹ̀kan, kì í ṣe ọmọ Manila tó mú ìgbálẹ̀ dání.

Mo ka gbogbo èyí fún ìyá mi lórí tẹlifóònù. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Ohun tó wà nínú wọn tẹ́lẹ̀ ni pé ìbá dáa kí wọ́n fi owó náà wá sílé, kí àwọn ọmọ wá rí ìyá àgbà. Mo ṣàlàyé pé lọ́pọ̀ ìgbà, owó ọkọ̀ òfurufú ẹni mẹ́rin láti Houston dé Kútọnù ju owó ọjọ́ méje nínú ọkọ̀ yìí lọ dáadáa. Owó kan náà kọ́.

"Ṣé ọkọ̀ omi yẹn ò wá lè yà sí Kútọnù ni?"

Mo ní rárá, Mẹ́síkò àti Honduras ló ń yà sí, á sì padà sí Galveston.

Wọ́n mí kanlẹ̀. "Ó dáa. Sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ pé kó ya 448 yẹn sọ́tọ̀ kó tó kúrò nílé. Kò gbọdọ̀ gbà á padà lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ."

Mo ti fi ránṣẹ́ sí i.