Àwọn Òǹwòran Tí Wọ́n Kọ Ìwé

Ìwé kan dùn mọ́ mi lọ́sẹ̀ yìí: The Best of Trek, tí wọ́n tẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1978. Star Trek, eré tẹlifísọ̀n ti 1966 sí 1969, ni ó dá lé. Àwọn tí wọ́n fẹ́ràn eré náà ni wọ́n kọ ọ́. Ibi tí eré bá ti ta ko ara rẹ̀, wọn a wá àlàyé sí i, bí ọmọdé tí ń rán ìyá àgbà létí ibi tí ó fò nínú àlọ́. (Àwọn àlàyé kan kò wọ̀ mí létí.)

Ní Akpassi níhìn-ín, èmi ni mo máa ń pariwo “Ẹ panu mọ́!” bí àwọn ọmọ mi bá ń jiyàn nídìí tẹlifísọ̀n. Lánàá, mo dákẹ́. Wọ́n jiyàn títí oúnjẹ fi tutù. Àbíkẹ́yìn sì wá tọrọ kayé àti bíìkì lọ́wọ́ mi.