Ṣé Ti Òní Ni?

Nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé IPA, bíà tí wọ́n ń pè ní India Pale Ale, síwájú mi, ó korò lẹ́nu mi bí omi tí a kọ́kọ́ fi fọ ewúro. Bermondsey la wà, ní gúúsù Lọ́ndọ́ọ̀nù, lábẹ́ afárá ojú irin tí àwọn apọntí kéékèèké ti ń tò sí láti ìgbà tí ilé ọtí Kernel ti bẹ̀rẹ̀ ní 2009. Láti Peckham, níbi tí àwa ọmọ Yorùbá pọ̀ sí bíi Múṣín, ẹsẹ̀ ni mo fi rìn débẹ̀. Òyìnbó tí a jọ ń ṣiṣẹ́ kò tíì mu tirẹ̀. Ó gbé ife sókè, ó wo àwọ̀ rẹ̀, ó rọra yí i lọ́wọ́, ó wá ti imú bọ inú rẹ̀. Ó ní òun ń gbọ́ òórùn èèpo ọsàn àti máńgòrò. Ewúro lèmi ń gbọ́ ní tèmi.

Ní ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún, George Hodgson, tó ń pọntí ní Bow, ní ìlà-oòrùn Lọ́ndọ́ọ̀nù, máa ń ta bíà fún àwọn ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sí Íńdíà. Họ́ọ̀pù, òdòdó ewéko kan tó ń lọ́ mọ́ igi, kì í jẹ́ kí bíà tètè kan. Nítorí ìrìn oṣù mélòó kan lórí òkun ni wọ́n ṣe ń dà á sí i láìṣahun. Nígbà tó yá, ìlú Burton, tí omi rẹ̀ ń jẹ́ kí kíkorò náà mú ṣáṣá, gba òwò náà mọ́ Bow lọ́wọ́. Òórùn ọsàn tí ẹnìkejì mi ń wí, Amẹ́ríkà ló ti wá: ní 1975 ni ilé ọtí Anchor ní San Francisco fi họ́ọ̀pù Cascade pọn Liberty Ale. Ẹni tó bá ti dáná rí á tètè lóye ọgbọ́n tó wà ńbẹ̀. Họ́ọ̀pù tó bá pẹ́ lórí iná ló ń korò. Èyí tí wọ́n jù sí i nígbà tí iná kú, tàbí nígbà tí ìwúkàrà ti ṣiṣẹ́ rẹ̀ tán, ló ń ta sánsán. Ta ló ń da efinrin sínú ìkòkò kí ẹran tó rọ̀?

Nílé, ìbéèrè kan la ń bi bíà: ṣé ó tutù? Bí kò bá tíì fẹ́rẹ̀ẹ́ dì, a ó ní kí wọ́n gbé e padà. N kò bá ẹnikẹ́ni jà. Oòrùn wa kì í ṣe ẹgbẹ́ tiwọn, bíà tí à ń mu sì fẹ́ òtútù. Àmọ́ ahọ́n tí yìnyín ti pa kò lè mọ nǹkan kan mọ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìgò aláwọ̀ ewé ń jókòó sínú oòrùn níwájú ṣọ́ọ̀bù títí ìmọ́lẹ̀ fi ń ba họ́ọ̀pù inú rẹ̀ jẹ́, tí ọtí á sì máa rùn bí asín. Kì í ṣe pé a kò mọ bíà pọn: ní 1988, nígbà tí ìjọba Nàìjíríà fòfin de mọ́ọ̀tì báálì láti òkè òkun, ọkà bàbà àti àgbàdo ni àwọn ilé iṣẹ́ bíà sá tọ̀. Àwọn onímọ̀ wa tilẹ̀ ti dán ewúro àti orógbó wò dípò họ́ọ̀pù. Mo ṣì ń retí ẹni tí yóò gbé e wá fún mi nínú ife.

Ṣé kí n wá sọ pé Bermondsey ló mọ̀ ọ́n mu? Rárá o. Mo ti rí àwọn mẹ́rin lórí tábìlì kan níbẹ̀, tí oníkálùkù ń fún ọtí ní máàkì lórí fóònù rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò bá ẹnìkejì sọ̀rọ̀. Ọtí wo lẹ ń mu nígbà náà?

Àwa náà kúkú mọ ọtí tọ́ wò, ẹmu la fi mọ̀ ọ́n. Kò sí àgbà tó máa gba ahá lọ́wọ́ adẹ́mu láìbéèrè pé, “Ṣé ti òní ni?” Ohun tí IPA ń fẹ́ gan-an nìyẹn. Oṣù díẹ̀, òórùn rẹ̀ á ti ṣá. Bí afẹ́fẹ́ bá ti bá a jà, á dà bíi páálí tí omi rin. Mo ti ń yẹ ìdí agolo wò fún ọjọ́ tí wọ́n dì í báyìí, ohun tí n kò ṣe fún bíà kankan rí nílé.

Ní Kérésì, mo gbé agolo méjì lọ fún ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní Iléṣà. Wọ́n sọ ọ́ sí fìrísà. Wọ́n fi ẹnu kàn án, wọ́n sì gbé ife sílẹ̀: “Àkànní, ta ló ń bínú sí yín ní Lọ́ndọ́ọ̀nù?” Ọ̀rọ̀ gbé wa lọ, òtútù rọlẹ̀ lára ọtí. Wọ́n tún un gbé, wọ́n dákẹ́ díẹ̀. “Wọ́n fi èèpo ọsàn sí i ni?”

“Rárá, sà. Òórùn ewé ara rẹ̀ ni.”

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n bu ẹmu sínú ahá méjì, wọ́n ní kí n sọ èyí tí adẹ́mu bu omi là. Mo gbóòórùn, mo yí ahá lọ́wọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe ní Bermondsey, mo tọ́ ọ wò, mo sì nàka sí tọwọ́ òsì.

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí wọn. “Méjèèjì ni.”