Fọ́ńgọ́ọ̀sì Tó Ń Pa Kòkòrò Ewébẹ̀: Ó Yẹ Kó Dé Ọwọ́ Àgbẹ̀

Ọ̀dú kì í ṣe àìmọ̀ fólóko, ṣùgbọ́n kòkòrò pupa tó ń fa omi ara ọ̀dú àti tòmátì gbẹ ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, àlejò ni. Gúúsù Amẹ́ríkà ni kòkòrò náà, Tetranychus evansi, ti wá. Ẹsẹ̀ mẹ́jọ ló ní, ẹbí aláǹtakùn ni, gígùn rẹ̀ kò ju bí ìdajì mìlímítà lọ. Abẹ́ ewé ló ń sá sí. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, ewé á pọ́n, òwú á bo gbogbo igi tòmátì, igi náà á sì kú.

Oògùn kẹ́míkà ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ máa ń kọ́kọ́ gbé. Ṣùgbọ́n kòkòrò yìí ń yára bímọ, èyí tí oògùn kò bá sì pa ń bí àwọn ọmọ tí oògùn kò ràn mọ́. Oògùn kan náà tún ń pa àwọn kòkòrò rere tó ń pa á jẹ. Bí àgbẹ̀ bá wá ń fín in léraléra, oògùn ló ń bá ewébẹ̀ dé ọjà.

Ọ̀nà mìíràn wà.

Inú ilẹ̀ ni fọ́ńgọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Metarhizium anisopliae ń gbé. Bí hóró rẹ̀ bá bà lé kòkòrò, á hù, á gún awọ rẹ̀ wọlé, á sì pa á láàárín ọjọ́ díẹ̀. Bí ọ̀rinrin bá wà, hóró tuntun aláwọ̀ ewé á bo òkú náà, á sì ran àwọn yòókù. Ní Kenya, ilé ìwádìí icipe ṣe iṣẹ́ lórí ẹ̀yà kan, ICIPE 78, tó ń pa kòkòrò pupa. Ó ti di ọjà tí àgbẹ̀ ń rà.

Bẹ̀nẹ̀ pàápàá kì í ṣe ọ̀gbẹ̀rì. Ní 1999, àwọn onímọ̀ IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Ìbàdàn, tú fọ́ńgọ́ọ̀sì Neozygites tí wọ́n mú wá láti Brazil sí oko ẹ̀gẹ́ ní Adjohoun, láti kojú kòkòrò tó ń ba ewé ẹ̀gẹ́ jẹ́.

Òótọ́ ni pé fọ́ńgọ́ọ̀sì kì í pa lójú ẹsẹ̀, oòrùn sì ń pa hóró rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ló yẹ kí wọ́n fín in, kó dé abẹ́ ewé, kí kòkòrò tó pọ̀. Ẹ̀kọ́ tí òṣìṣẹ́ ìjọba lè kọ́ àgbẹ̀ lóko nìyẹn, kì í ṣe ìdí láti pa á tì.

Ní Nàìjíríà náà, kí àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá bá IITA jókòó, kí NAFDAC, àjọ tó ń fọwọ́ sí oògùn, yẹ irú oògùn fọ́ńgọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀ wò láìfi falẹ̀, kí iye rẹ̀ sì jẹ́ èyí tí obìnrin tó ń gbin tòmátì ní akùrọ̀ lè san.