Òkúta Ìdí Ike Kì Í Fa Omi

Ẹ̀yin àgbẹ̀ àti ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, ilẹ̀ Àgọ́ Palace ní agbègbè Ìsọlọ̀ rẹlẹ̀, àgbàrá a sì máa dúró síbẹ̀ lásìkò òjò. Ẹni tí ó bá gbin ata, tòmátì tàbí ẹ̀fọ́ sínú ike ọ̀dà, àpò tàbí táyà níbẹ̀, ọgbọ́n ni ó gbọ́n. Ṣùgbọ́n àṣà kan wà láàrin àwọn tí ń gbin nǹkan sínú ike tí ó yẹ kí á fi sílẹ̀: títẹ́ òkúta sí ìsàlẹ̀, kí omi lè ráyè jáde.

Èrò wa ni pé òkúta yìí ń ṣe ibi ju ire lọ. Omi kì í fi ilẹ̀ kíkúnná sílẹ̀ bọ́ sínú òkúta, àfi bí ilẹ̀ náà bá ti mu omi yó. Ẹrẹ̀ tí ìbá wà ní ìdí ike gan-an, òkúta a gbé e sókè bá gbòǹgbò. Ẹni tí kò bá gbàgbọ́, kí ó rẹ fóòmù ìfọbọ́ sínú omi, kí ó gbé e ní ìbú títí kò fi ní kán mọ́, kí ó wá nà án ní òòró: omi yóò tún ṣàn jáde. Bí ilẹ̀ bá ṣe ga sí nínú ike ni omi ṣe ń rí ọ̀nà lọ; òkúta sì ń gba àyè ilẹ̀.

Irúgbìn tí omi ń pa, ewé rẹ̀ a pọ́n, a sì rọ bí ẹni pé òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Ẹni tí ó gbìn ín a tún bu omi sí i!

Ẹ lu ihò mẹ́jọ tàbí jù bẹ́ẹ̀, tí orí ìka lè wọ̀, sí ìdí ike. Ẹ tẹ́ àwọ̀n lé e kí ilẹ̀ má baà jò. Ẹ po ilẹ̀ dúdú mọ́ ajílẹ̀ tí ó ti jẹrà àti yanrìn oníhóró, kì í ṣe èyí kíkúnná tí bíríkìlà fi ń rẹ́ ògiri. Èèpo ìrẹsì náà wúlò. Ẹrẹ̀ àbàtà kò yẹ rárá. Kí ike sì wà lórí búlọ́ọ̀kù, nítorí ihò tí ó lẹ̀ mọ́ sìmẹ́ńtì kò yàtọ̀ sí èyí tí a dí.

Ẹgbẹ́ tí ó bá fẹ́ fi owó àjọ ra òkúta fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́, kí ó fi ra yanrìn, kí ó sì ṣe é kí oṣù kẹfà tó dé, tí òjò Èkó máa ń pọ̀ jù. Ike tí ó bá di ẹrẹ̀ nígbà náà, àfi kí a tú u dànù.