Ta Ló Mọ Ọmọ Tí Ẹ Ń Ta Ìbọn Fún?

Ó ti pẹ́ tí àwọn ará Amẹ́ríkà ti ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ kan, tí ẹnu wọn kò sì kò. Ọmọ ọdún mélòó ló yẹ kí òfin gbà fún láti wọ ṣọ́ọ̀bù, kó sanwó, kó sì gbé ìbọn jáde? Àwọn kan ní ọdún 18 ti tó. Àwọn mìíràn ní ó di ọdún 21. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé kí ló kàn wá níbẹ̀. Ìdílé mélòó ló kù ní ìlú ńlá wa tí kò ní ọmọ tàbí àbúrò ní Houston, ní Chicago tàbí ní New York, tí àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ sì ń lọ sílé ìwé láràárọ̀? Lẹ́yìn èyí, àwa náà ní òfin tiwa, mo ṣì ń bọ̀ wá sórí ìyẹn. Èmi ò ní fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ: ọdún 21 ni mo fara mọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí òfin wọn wí. Òfin tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ṣe ní ọdún 1968 sọ pé oníṣọ́ọ̀bù tó gba láísẹ́ǹsì kò gbọdọ̀ ta ìbọn ìléwọ́ fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 21, ṣùgbọ́n ó lè ta ìbọn gígùn fún ẹni tó bá ti pé ọdún 18. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà. Ìbọn kékeré tó ń wọ àpò, wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó o. Èyí tó gùn, tó ń tú ọta jáde léraléra bí ìka bá ṣe ń tẹ̀ ẹ́, òun ni ọmọ ọdún 18 lè rà. Àwọn ìpínlẹ̀ kan ti fi ọdún kún un nínú òfin tiwọn, ṣùgbọ́n ti ìjọba àpapọ̀ ṣì wà bẹ́ẹ̀. Bí ọmọdé kò bá mọ oògùn, ó ń pè é ní ẹ̀fọ́. Ti àgbà tó tà á fún un ńkọ́? Kí ni òun pè é?

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Uvalde, ní ìpínlẹ̀ Texas. Ọmọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí ìbọn ti ń wù kó tó pé ọdún 18. Ìgbìmọ̀ tí àwọn aṣòfin Texas yàn láti wádìí ọ̀rọ̀ náà kọ ọ́ sínú ìwé tí wọ́n gbé jáde ní oṣù keje ọdún 2022 pé ó bẹ èèyàn méjì, ó kéré tán, pé kí wọ́n bá òun ra ìbọn. Wọ́n kọ̀ fún un. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tilẹ̀ ti sọ ọ́ lórúkọ, wọ́n ń pè é ní ẹni tí yóò yìnbọn nílé ìwé. Ní ọjọ́ 16 oṣù karùn-ún ọdún 2022, ó pé ọdún 18. Ọjọ́ kejì ló ra ìbọn kan. Nígbà tó di ọjọ́ 20, ó lọ gba ìkejì. Ìwé rẹ̀ pé, owó rẹ̀ pé, oníṣọ́ọ̀bù kò rí ohun tó lè fi dá a dúró. Ní ọjọ́ 24, ó wọ ilé ìwé Robb Elementary, ó pa ọmọ 19 àti olùkọ́ 2. Láti ọjọ́ ìbí sí ọjọ́ ìpànìyàn, ọjọ́ 8 péré ni.

Ṣé ẹ rí ibi tí mo ń lọ? Àwọn tó mọ̀ ọ́n kò fún un níbọn. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí ló tà á fún un.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Buffalo, ní ìpínlẹ̀ New York, ní ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú ti Uvalde. Ọmọ ọdún 18 ló wọ ọjà táwọn èèyàn dúdú ti ń ra oúnjẹ, tó pa ẹni 10, tí gbogbo wọn jẹ́ èèyàn dúdú bíi tiwa. Ní ọdún 2021, nígbà tó ṣì wà ní ọmọ ọdún 17, ó ti kọ ọ́ nílé ìwé pé òun fẹ́ pa èèyàn, kí òun sì pa ara òun. Olùkọ́ fi tó ọlọ́pàá létí, ọlọ́pàá mú un lọ sílé ìwòsàn, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní kó máa lọ. Nígbà tó pé ọdún 18, ó ra ìbọn gígùn ní ṣọ́ọ̀bù. Olùkọ́ rí i, ọlọ́pàá rí i, dókítà rí i. Oníṣọ́ọ̀bù nìkan ni kò rí nǹkan kan.

Lọ́dọ̀ tiwa nílẹ̀ Yorùbá, nígbà tí iṣẹ́ ọdẹ ṣì gbilẹ̀, kò sẹ́ni tó ń ka ọdún lé ọmọ lórí kó tó di ìbọn mú. Ọmọ á kọ́kọ́ tẹ̀ lé ọ̀gá rẹ̀ wọ igbó, á máa gbé àpò, á máa gbé iná, á máa ru ẹran. Á kọ́ bí wọ́n ṣe ń mọ ojú ẹran yàtọ̀ sí ojú èèyàn lóru. Gbogbo ìgbà yẹn, ọ̀gá ń wò ó: ṣé inú rẹ̀ kì í tètè bí? Ṣé kì í mutí para? Ṣé bí wọ́n bá ní kó dúró, ó máa ń dúró? Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan jẹ́ ọdẹ. Ó ní ọmọ kan tó ti lé ní ọdún 20, tó ti láya nílé, tí bàbá náà sì kọ̀ jálẹ̀ pé òun ò ní fún un ní ṣakabùlà. Ó ní, "Ọwọ́ ẹ̀ ti yá jù. Ẹni tó máa ń gbá àbúrò ẹ̀ létí kó tó béèrè ọ̀rọ̀, ṣé inú igbó ló ti máa wá ní sùúrù?" Bí ẹ bá sọ fún bàbá yẹn pé òfin gbà fún ọmọ náà, ẹ̀rín ló máa fi yín rín.

Ohun tí mo ń sọ gan-an nìyí. Bí ẹni tó mọ ọmọ bá wà níbẹ̀, iye ọdún kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ nǹkan. Ṣùgbọ́n nínú ṣọ́ọ̀bù, kò sí bàbá, kò sí ọ̀gá, kò sí ará àdúgbò. Ìwé ni oníṣọ́ọ̀bù ń wò, kò wo ojú èèyàn. Níbi tí ojú àgbà kò bá sí, iye ọdún ló gbọ́dọ̀ dúró nípò ojú àgbà. Ọdún mẹ́ta tó wà láàárín 18 sí 21 kì í ṣe ìyà tí wọ́n fi ń jẹ ọmọ. Àyè ni, kí ohun tó wà nínú ọmọ hàn síta, kí ẹni tó rí i sì lè sọ ọ́. Àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà mọ èyí náà, nítorí pé nínú òfin tí wọ́n ṣe ní oṣù kẹfà ọdún 2022, wọ́n ní kí wọ́n máa wo àkọsílẹ̀ ìgbà ọmọdé ẹni tí kò tíì pé ọdún 21 kí wọ́n tó ta ìbọn fún un. Ó dára, ṣùgbọ́n wọn kò fi kún ọdún náà rárá.

Àwọn tó ń bá wa jiyàn ní ẹjọ́ mẹ́rin. Wọ́n ní ọmọ ọdún 18 lè wọ iṣẹ́ ológun, kó kú fún ìlú rẹ̀, kí ló dé tí kò fi lè ra ìbọn? Ẹ dákun, ṣé ọmọ ológun ló ń ra ìbọn tó ń lò? Ìjọba ló fún un. Wọ́n á kọ́ ọ títí, sájẹ́ǹtì á jókòó tì í. Bó bá lò ó tán ní bárékè, á dá a padà sílé ìkóhun-ìjà-sí, wọ́n á sì tì í pa. Ojú tí mo ní kò sí ní ṣọ́ọ̀bù, òun gan-an ló kún inú bárékè.

Wọ́n tún ní ó ń dìbò. Lóòótọ́ ni, láti ọdún 1971 ni ọmọ ọdún 18 ti ní ẹ̀tọ́ ìbò jákèjádò Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n ìbò ẹnì kan, àárín mílíọ̀nù ìbò ló ń bọ́ sí. Bó bá ṣì í dì, ọdún mìíràn ń bọ̀. Ọta ìbọn kò ní ìbò ẹlẹ́ẹ̀kejì. Amẹ́ríkà yìí kan náà ló ṣòfin ní ọdún 1984 tó fi owó ojú ọ̀nà halẹ̀ mọ́ àwọn ìpínlẹ̀ títí gbogbo wọn fi gbà pé ẹni tí kò tíì pé ọdún 21 kò gbọdọ̀ ra ọtí. Ní ọdún 2019, wọ́n fi sìgá kún un. Ọmọ tí wọn ò lè ta ìgò bíà kan fún, ẹ wá gbé ìbọn lé e lọ́wọ́!

Ẹ̀kẹta, wọ́n ní ìwé òfin ilẹ̀ wọn fún gbogbo ará ìlú lẹ́tọ̀ọ́ láti ní ohun ìjà láti ọdún 1791. Àwọn adájọ́ gan-an kò fohùn ṣọ̀kan. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tó wà ní New Orleans ní kò bójú mu láti ṣẹ́ ìbọn ìléwọ́ mọ́ ọmọ ọdún 18 sí 20. Ní oṣù kẹta ọdún náà, ti Atlanta ní òfin ọdún 21 tí Florida ṣe lẹ́yìn tí ọmọ ọdún 19 kan pa ẹni 17 nílé ìwé kan ní Parkland ní ọdún 2018 tọ̀nà. Èmi fara mọ́ ti Atlanta. Láyé àwọn tó kọ ìwé òfin yẹn, ọmọdé ni ẹni tí kò tíì pé ọdún 21 lójú òfin, abẹ́ bàbá rẹ̀ ló wà.

Ẹ̀kẹrin ló wúwo jù: ọmọbìnrin ọdún 19 tó ń dá gbé ńkọ́, tí ọkùnrin kan ń halẹ̀ mọ́? N kò fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣeré. Ṣùgbọ́n rírà ni òfin Florida dí. Kò ní kí bàbá tàbí ìyá má fún ọmọ ní ìbọn gígùn. Ẹni tó mọ ọmọ náà ló bọ́ sí lọ́wọ́, ẹni bí ọmọ ọ̀ràn ní í sì í pọ̀n ọ́n. Ní ọdún 2021, bàbá kan ra ìbọn ìléwọ́ fún ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún 15 ní Michigan. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ọmọ náà fi pa akẹ́kọ̀ọ́ 4 ní ìlú Oxford. Ní ọdún 2024, ilé ẹjọ́ rán bàbá àti ìyá rẹ̀ lẹ́wọ̀n. Ta ni wọ́n rán lẹ́wọ̀n nítorí Uvalde pé ó ta ìbọn? Kò sí, nítorí pé òfin ló ní kó tà á.

Mo mọ̀ pé òfin ọdún kò lè dí gbogbo ihò. Ẹni ọdún 20 tó pa ọmọ 20 àti àgbà 6 nílé ìwé Sandy Hook ní ọdún 2012, ìbọn ìyá rẹ̀ ló lò. Ṣùgbọ́n torí pé olè lè já ilẹ̀kùn, ṣé a kì í tilẹ̀kùn mọ́ ni? Ẹ sì má gbàgbé àwọn tó ń fi ìbọn pa ara wọn. Ju ìdajì àwọn tí ìbọn ń pa ní Amẹ́ríkà lọ́dọọdún ló jẹ́ pé ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi ṣe é. Ìbànújẹ́ tí ì bá fò lọ bí ilẹ̀ bá mọ́, tí ìbọn bá wà lábẹ́ ìrọ̀rí, ilẹ̀ kì í mọ́ bá onítọ̀hún.

Ó wá kù sí tiwa. Ẹni tó ń fi Amẹ́ríkà rẹ́rìn-ín, kó rọra. Òfin ìbọn tí Nàìjíríà ṣe ní ọdún 1959, tí a ṣì ń lò, ní kí wọ́n má fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 17 ní láísẹ́ǹsì. Ọdún 17! Òfin náà tún ní kí wọ́n má fún ẹni tí orí rẹ̀ kò pé, ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, ọ̀mùtí, àti ẹni tí wọ́n ti dá lẹ́bi ìwà ipá láàárín ọdún márùn-ún. Ó jọ ìbéèrè tí ọ̀gá ọdẹ máa ń bi ara rẹ̀, àbí? Ṣùgbọ́n ta ló mọ ọmọ ọdún 17 náà débi tí yóò fi dáhùn? Àwọn ọmọ ìta tó ń ra tiwọn lókùnkùn kò béèrè láísẹ́ǹsì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, iṣẹ́ ọlọ́pàá nìyẹn. Èyí tó wà lọ́wọ́ àwọn aṣòfin ni kí wọ́n pa 17 yẹn rẹ́, kí wọ́n kọ 21 sípò rẹ̀, kí wọ́n sì ní kí àgbà kan tó mọ ọmọ náà fọwọ́ sí ìwé rẹ̀, kó sì jẹ́jọ́ bó bá dìjà.

Bí ọmọdé bá láṣọ tó ti àgbà, kò lè ní àkísà tó ti àgbà. Ẹ jẹ́ kí ọmọ ní àkísà díẹ̀ ná.