ÌBỌN TÍ WỌ́N HÚ JÁDE NÍ ÒDÌGBÓ

Oníṣòwò kan ní Ọ̀rẹ̀ kọ̀wé sí wa pé: “Àwọn lébìrà ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé mi ní Òdìgbó, wọ́n hú ìbọn ìléwọ́ kan jáde. Igi rẹ̀ ti jẹrà, òòlù rẹ̀ ti sọnù. Àwọn àgbà ní ìjà Ọ̀rẹ̀ ti 1967 ló fi í sílẹ̀. Mo rí TOWER àti adé lára irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. ELG sì wà nínú àmì bí ẹyin lára ọ̀pá rẹ̀. Ṣé kí n nù ún, kí n tà á?”

Ẹ kú iṣẹ́ ilé o. Ẹ kọ́kọ́ fi ìbọn náà sílẹ̀ ná. Ẹ̀tù lè wà nínú rẹ̀ síbẹ̀. Ẹ má yáná sí i, ẹ má ti irin bọ ẹnu rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ọmọdé sún mọ́ ọn. Ẹ má sì fi yanrìn ha á, kí àmì ara rẹ̀ má baà parẹ́.

TOWER àti adé ni àmì ilé ìbọn ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́ńdọ̀nù. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń rọ ìbọn ọjà fún Áfíríkà a máa fín in sára iṣẹ́ tiwọn kí ó lè tà. ELG ló ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé. Àmì ìdánwò ìlú Liège ní Bẹ́ljíọ̀mù ni: ọ̀pá tí wọ́n bá yìn tí kò bẹ́ ni wọ́n ń lù ú sí. Ó bẹ̀rẹ̀ ní 1810. Ní 1893 ni wọ́n fi adé kékeré lé orí ẹyin náà. Bí kò bá sí adé níbẹ̀, tí kì í sì í ṣe pé ìpẹtà jẹ ẹ́, a jẹ́ pé ọ̀pá yín ti wà ṣáájú 1893, ọdún tí ogun Kírìjì parí. Ó ti gbó kí ìjà Ọ̀rẹ̀ tó dé. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ihò iná rẹ̀ pẹ̀lú: bí àwo kékeré bá wà níbẹ̀, olókùúta ni, bí ó bá jẹ́ ọmú irin, oníkáápù ni.

Ti títà, ẹ má dán an wò. Òfin ìbọn ti 1959 ka ìbọn ìléwọ́, àti olókùúta àti oníkáápù, mọ́ èyí tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ní láìsí ìwé àṣẹ Ààrẹ. Kì í ṣe bíi ṣakabùlà ọdẹ. Àìpé rẹ̀ kò sì gbà yín, nítorí òfin ka ẹ̀yà ara ìbọn sí ìbọn.

Ẹ ya àwòrán àmì náà, kí ẹ fi han àwọn musíọ̀mù ìjọba ní Àkúrẹ́. Ẹ má gbé ìbọn náà wọ ọkọ̀ o. Ẹ mú àgbà kan dání, ẹ lọ sọ fún ọ̀gá ọlọ́pàá, kí wọ́n wá gbé e fúnra wọn.